Màlúù 43 lórí hẹ́kítà 90: kí ni iṣẹ́ òòjọ́ olóko màlúù gan-an?

Ọmọ Ìgbòho

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ kọjá agbára mi.

Bàbá wa di olóògbé lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fi màlúù sílẹ̀ fún wa lórí ilẹ̀ kan tó tó hẹ́kítà 90, láàárín Ìgbòho sí Kìṣí. Màlúù funfun oníwo gígùn ló pọ̀ jù nínú wọn, pupa mẹ́fà wà níbẹ̀, akọ tó ń gùn wọ́n jẹ́ méjì. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fi ń lọ sóko. Àwọn méjì ló ń dá ẹran náà: ọ̀kan ti wà pẹ̀lú bàbá wa láti bí ọdún mọ́kànlá, èkejì kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Nígbà tí a pín ogún ní oṣù kejì, 43 la kà. A ti ta méjì, ọ̀kan kú. Ó yẹ kó ku 40. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 38 ni wọ́n kà fún mi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí méjì wọlé sí. Àwọn tó kù wá rù, èèyàn lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó ka egungun ìhà wọn. Bí mo bá béèrè ohun tí wọ́n ṣe láti àárọ̀, ìdáhùn kan náà ni: a dà wọ́n jẹko, a dà wọ́n wálé.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n jáde kúrò lórí ilẹ̀ wa. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti 2019 kò fàyè gba dída ẹran káàkiri, aládùúgbò wa sì ní kajú àti ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko tí ẹran ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jẹko, kì í ṣe èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gé koríko fún, kí lẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́? Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìyá Oníwàǹkàṣì

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Kí n tó sọ nǹkan kan: ṣé ìwọ lo ka 38 yẹn, àbí wọ́n kà á fún ọ?

Ọmọ Ìgbòho

Wọ́n kà á fún mi ni, mà. Orí fóònù.

Ìyá Oníwàǹkàṣì

Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, gbọ́. Ìsẹ́yìn ni mo wà, ọkọ mi ló fi ẹran lé mi lọ́wọ́, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Ẹran tó ń rìn káàkiri inú ọgbà kò ṣe é kà. Wàá ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wàá fo méjì. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kà á. Ri òpó igi méjì mọ́lẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń gbà jáde, kí àlàfo àárín rẹ̀ má ju ohun tí màlúù kan lè gbà kọjá lọ. Kó òkúta wẹ́wẹ́ sí àpò ọ̀tún. Bí mẹ́wàá bá ti kọjá, mú òkúta kan bọ́ sí àpò òsì. Bó o bá ń ka mení mejì lẹ́nu nìkan, bí ẹnì kan bá ti kí ọ "ẹ káàárọ̀" báyìí, ó ti tán nìyẹn.

Wọ́n á kà á láàárọ̀, wọ́n á tún kà á nírọ̀lẹ́. Ìwé kékeré kan, ìlà méjì lójúmọ́. Má sì ka àpapọ̀ nìkan. Ka ìyá lọ́tọ̀, ọmọge màlúù lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀, akọ lọ́tọ̀. Bí o bá ní 38 lásán, o mọ̀ pé nǹkan dín, o ò mọ ohun tó dín.

Bí ìrọ̀lẹ́ kò bá sì bá àárọ̀ mu, alẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì. Màlúù tó sùn síta lónìí, ọ̀la ló ń di "a ò mọ ibi tó wọlé sí."

Bàbá Gàá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fúlàní ni mí, gàá kan létí Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, wọ́n sì bí bàbá mi náà síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Bí Yorùbá mi bá wọ́, ẹ fara dà á.

Ọmọ Ìgbòho, má tíì pe ẹni tó ti ń dá ẹran yín láti ọdún mọ́kànlá yẹn lólè. Àwa kì í fi oókan eéjì mọ ẹran. Ojú la fi ń mọ̀ ọ́n, bí o ṣe mọ àwọn ọmọ ìyá rẹ láìkà wọ́n. Bí o bá dé oko, má bi í pé "mélòó ló kù?" Bi í pé "àwọn wo ni kò sí níbẹ̀?" Bó bá sọ àwọ̀ wọn, tó sọ bí ìwo wọn ṣe rí, tó sọ ìyá tó bí wọn, ẹ jókòó kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Bó bá ń wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ òòjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti ń wà láàárín wọn, mi ò ní í pariwo. Èyí tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, àlàáfíà ni. Èyí tó dá dúró lọ́tọ̀, tí etí rẹ̀ rọ̀, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, òun ni iṣẹ́ mi lónìí. Mo ń wo imú: imú màlúù tó gbádùn máa ń tutù, ó máa ń lómi wínníwínní. Bí imú bá gbẹ, ara ń gbóná.

Lẹ́yìn náà la óò lọ síbi okùn àwọn ọmọ. Okùn gígùn kan ni, a na án mọ́lẹ̀ láti èèkàn dé èèkàn, ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú òjá tirẹ̀. A ó tú ọ̀kan, yóò sáré bá ìyá rẹ̀, yóò fi orí kan ọmú, yóò mu ún káàkiri kí wàrà lè sọ̀. Ìgbà yẹn la óò fà á kúrò, a ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀ kí ìyá máa lá a, a ó wá fún wàrà. Ọmú méjì fún wa, méjì fún ọmọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, tí ìyá rù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọmọ. Ẹni tó bá fún wàrà ìyá tó rù tán pátá, ọmọ tó máa tà lọ́dún mẹ́ta sí i ló ń mu yẹn.

Ní òjò, ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó dà wọ́n síta. Aràn máa ń gun orí koríko tútù, ikùn sì máa ń wú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí ojú bá ti là, ẹ jáde, nítorí oòrùn kò ní í jẹ́ kí wọ́n jẹun ní ọ̀sán. Ẹ má sáré lé wọn. Màlúù tí a ń lé kì í jẹun, ìrìn ló ń rìn. Bó bá di ọ̀sán, omi, lẹ́yìn omi, abẹ́ igi. Wákàtí méjì, mẹ́ta. Ibẹ̀ ni olówó ẹran ti máa ń bá wa tí á sọ pé ọ̀lẹ ni wá. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹran bá dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, oúnjẹ ló ń jẹ. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin, ẹ tún dà wọ́n jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́gbà kò mọ̀ ni alẹ́. Bí ẹ bá ti wọ́n mọ́lé láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé aago méje àárọ̀, ẹ fi wọ́n gbààwẹ̀ wákàtí mẹ́tàlá nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìrun alẹ́, àwa máa ń jẹ́ kí wọ́n tún jẹ díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ inú ọgbà tìrẹ ni, tí ẹnì kan wà pẹ̀lú wọn, kò sófin tó lòdì sí i.

Adé Kìṣí

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa nísinsìnyí, ta ló máa jókòó ti màlúù ní aago mẹ́wàá alẹ́? Àwọn tó ń jí ẹran gbé ò wẹ̀yìn wò. Èmi ò gbà kí wọ́n jáde lálẹ́. Mo ń gé èèsún sínú ọgbà fún wọn ni.

Bàbá Gàá

Òótọ́ lo sọ. Bí ibi tó o wà bá le, má ṣe é. Ṣùgbọ́n gé e kó pọ̀, kì í ṣe ẹrù kan fún ogójì ẹran.

AbẹrẹNìkanKọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Dókítà ẹranko ni mí, Òkè Ògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Gàá ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n sì sọ ọ́ jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìgbẹ́ kún un. Ìgbẹ́ màlúù ni lẹ́tà tó ń kọ sí ọ ní gbogbo àárọ̀. Bó bá rọ̀, tó tẹ́ bí àkàrà tó fẹ̀, tó ní kòtò díẹ̀ láàárín, koríko ń dá a lára. Bó bá le, tó to léra wọn bí òkìtì, koríko gbígbẹ nìkan ló ń jẹ, omi sì lè má tó o. Bó bá ń dà bí omi ọbẹ̀, wò ó bóyá koríko tuntun tí òjò àkọ́kọ́ mú jáde ló ń lé kiri, tàbí aràn. Olóko tí kì í wolẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní àárọ̀, èmi ò mọ ohun tó ń wò.

Nípa rírù: oṣù kẹrin la wà yìí, gbogbo màlúù tó wà lókè yìí ló rù. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ pé ebi ni, ṣí ìpéǹpéjú mẹ́ta mẹ́rin wò nínú. Bó bá funfun dípò kó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Eégbọn lè fà á, aràn lè fà á, sámórè lè fà á. Sámórè ni àwọn darandaran ń pe àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹran á máa jẹun, á máa rù. Ibà á dé, á lọ, á tún padà dé. Ibi tí igbó ṣú létí odò ni eṣinṣin yẹn máa ń gbé. Màlúù funfun yìí kì í lè fara dà á bí àwọn ẹ̀yà màlúù bíi kétékú àti N'Dama. Nítorí náà, bí omi bá wà níbòmíràn, má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú igbó etí odò.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ọmọ tó ń da ẹran á lọ sọ́jà, á ra oògùn ìyẹ̀fun sámórè, á po èyí tó yẹ fún màlúù kan, á pín in fún mẹ́ta torí pé ó wọ́n. Kòkòrò náà kò kú, ó kọ́ bó ṣe máa yè é ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, oògùn kan náà á di omi lásán. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń tu ẹran nínú. Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, díwọ̀n ẹran náà, kọ ọjọ́ sílẹ̀, má sì jẹ́ kí wọ́n mu wàrà rẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n sọ fún ọ á fi pé.

Eégbọn: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan fọwọ́ wá abẹ́ ìrù, abẹ́ ọmú, inú etí, ìtàn. Bí lékèélékèé bá ń tẹ̀ lé ẹran rẹ, má lé e.

Àti èyí, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín. Bí màlúù bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde nímú tàbí nídìí, tí ara rẹ̀ kò gan, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ má pè alápatà. Ẹ pe ọ́fíìsì dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ní oṣù keje 2023 ni wọ́n rí àrùn anthrax ní Súlẹ́jà, ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tó bá jẹ ẹran yẹn lè bá a lọ. Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹ sin ín jìn, ẹ má tà á.

Ọmọ Ìgbòho

Dókítà, ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Èyí tó kú lọ́wọ́ wa, wọ́n ti jẹ ẹ́ kí n tó dé. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nípa omi: ìdídò kan (adágún omi) ni bàbá wa gbẹ́, oṣù kìíní ló máa ń gbẹ. Lẹ́yìn náà, odò kan ni wọ́n ń dà wọ́n lọ, ó tó kìlómítà mẹ́rin ní àlọ nìkan. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

Akẹ́kànga

Ó pọ̀ jù. Kìlómítà mẹ́jọ lójúmọ́ nínú oòrùn, gbogbo ohun tí wọ́n jẹ ni wọ́n ń rìn dà sọ́nà. Tí wọ́n bá sì lọ lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, ọjọ́ kejì ló tún kù.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù kan nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn lè mu tó lítà 40 lójúmọ́. Ogójì màlúù, lítà 1,600 nìyẹn. Tánkì lítà 2,000 kan, kànga ẹ̀rọ pẹ̀lú pọ́ńpù tí oòrùn ń tì, á tó ọ bí ilẹ̀ bá lómi. Ọpọ́n omi ni kó o fi búlọ́ọ̀kù mọ, kó gùn kó má fẹ̀, torí àwọn oníwo ńlá ò ní í jẹ́ kí àwọn kéékèèké mu. Ọpọ́n tó gùn, ẹni tí wọ́n lé ní ìbẹ̀rẹ̀ á sáré lọ sí ìparí. Da kọnkéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má di ẹrẹ̀.

Bí o kò bá tíì lówó kànga, ó kéré tán, fi ọgbà yí ìdídò bàbá yín ká, kí ẹran má wọ inú rẹ̀ mọ́. Pọ́ńpù kékeré á fà á síta sínú ọpọ́n. Nǹkan tó jẹ́ kó máa gbẹ ní oṣù kìíní, ìdajì rẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù ni. Wọ́n ń wọ̀ ọ́, wọ́n ń ya bèbè rẹ̀ wálẹ̀, ẹrẹ̀ ń dí i.

Ṣẹ́gun ní Texas

Ẹ kú ojúmọ́ láti ìwọ̀-oòrùn Texas. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, oko màlúù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Èèyàn mẹ́ta la jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tóbi ju ìlú kan lọ. Ibi tá a wà gbẹ débi pé màlúù kan lè gba éékà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìgbòho, hẹ́kítà 90 fún ogójì, èyí kò burú ní òjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo hẹ́kítà 90 náà lẹran ń jẹ. Yọ àpáta kúrò, yọ igbó kìjikìji kúrò, yọ ibi tí ewé Akíntọ́lá ti gbà. Mélòó ló kù?

Ohun kan tí mo kọ́ níbí tí kò náni lówó ni iyọ̀. Màlúù máa ń jẹ ibi tó sún mọ́ omi títí ilẹ̀ á fi pá, koríko tó wà lókè lọ́hùn-ún á máa gbó dànù. Má gbé iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Gbé e lọ síbi tí wọn kì í dé. Bí wọ́n bá ti mu omi tán, iyọ̀ á fà wọ́n lọ sí koríko ibẹ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbé e kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Káún náà ṣe é lò.

Àti pé ẹ máa tà kí ẹ tó di dandan. Níbí, bí òjò bá ti fà sẹ́yìn, ìyá tí kò lóyún ló kọ́kọ́ ń lọ sọ́jà. Tí ẹ bá dúró di oṣù kẹta, gbogbo èèyàn ló ń ta egungun, kò sí ẹni tó máa san owó ẹran.

Ìyá Oníwàǹkàṣì

Ṣẹ́gun, o káre. Ọ̀rọ̀ títà yẹn, bàbá Ọmọ Ìgbòho lè má fẹ́ ẹ kí wọ́n tó kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà, iye ẹran ni wọ́n ń kà.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú o. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Láti ìparí 2019 ni ìjọba wa ti ní kí darandaran ilẹ̀ òkèèrè má da ẹran wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa-n-tiwa ṣì ń lọ ń bọ̀.

Eégbọn tí Dókítà sọ, ẹ ṣọ́ra. Oríṣi tuntun kan wà tó dé sápá ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún 2000. Wọ́n ní inú màlúù oníwàrà tí wọ́n kó láti Brazil ló bá wá. Ó kéré, ó pọ̀ bí iyanrìn, oògùn tí ń pa èyí àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Lọ́dọ̀ mi, ẹran tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í bá àwọn yòókù pàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní ọgbà kékeré kan fún un lẹ́yìn ilé. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣẹ̀sín pé àlejò mi wà ní àtìmọ́lé.

Adé Kìṣí

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ iná, iná sì ni olórí ọ̀tá wa. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, èèrúwà mi ga ju èmi lọ, mo ti ń sọ lọ́kàn pé oṣù kẹta kò ní í bà mí lẹ́rù. Àwọn ọdẹ tiná bọgbó lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ìdá méjì nínú mẹ́ta koríko mi ti di eérú. Mo dúró, mo ń wo àwọn màlúù tó ń rìn lórí ilẹ̀ dúdú, wọ́n ń fi imú wá nǹkan. Mo ta mẹ́sàn-án ní owó tí mi ò fẹ́ rántí.

Láti ìgbà náà, oṣù kọkànlá kì í kọjá lórí mi láìṣe ọ̀nà iná. Ká tó wọ ọyẹ́, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ nínú, a ó ro ìlà méjì yí ilẹ̀ ká, a ó fi tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ya wọ́n sọ́tọ̀, a ó wá fúnra wa sun àárín rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́ àti omi nílẹ̀. Mo tún lọ bá àwọn ọdẹ àdúgbò, mo gbé ọtí lọ. Ìyẹn gan-an ló ṣiṣẹ́ jù.

Pín ilẹ̀ rẹ sí mẹ́rin, ó kéré tán. Má ní kí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí gbogbo rẹ̀ ká lọ́jọ́ kan, wàá jẹ gbèsè. Igi àgúnmánìyè ni mo gbìn sí ààlà, mo wá na wáyà mọ́ ọn. Ó ń hù bí òjò bá ti kan ilẹ̀, ewé rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ fún wọn ní ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kan nínú mẹ́rin yẹn, má jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kàn án láti oṣù kẹjọ. Owó tó o fi pamọ́ sí báńkì nìyẹn.

Ìyá Oníwàǹkàṣì

Kí n tó gbàgbé: ẹ ṣọ́ra fún ọkà bàbà tí wọ́n ti kórè. Ní oṣù kọkànlá kan, ọmọ tó ń bá mi dá ẹran rí bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ láti ìdí pòpórò, ó tutù, ó ń dán, ó ga ní ìka mẹ́rin. Ó ní oore ni, ó dà wọ́n sí i. Kí n tó rí i, abo mẹ́ta ti wó, ẹnu wọn là, wọ́n ń mí bí ẹni tó sáré. Méjì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ yẹn ní májèlé tí ewé ẹ̀gẹ́ náà ní. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, ọmọ náà ni kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èèpo ẹ̀gẹ́, ẹ sá a kó gbẹ kanrangbán kẹ́ ẹ tó fún wọn. Ẹ sì máa ṣa ọ̀rá nílẹ̀. Alápatà kan fi ikùn màlúù hàn mí rí, ọ̀rá omi inú rẹ̀ tó kún apẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìgbòho

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀rọ̀ owó àwọn tó ń da ẹran. Mo ń san owó oṣù, ṣùgbọ́n bàbá wa ti fi gbogbo wàrà sílẹ̀ fún wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Bàbá Gàá

Àdéhùn àtijọ́ nìyẹn. Nígbà tí Yorùbá bá fún wa ní ẹran sìn, wàrà ni owó iṣẹ́, ọmọ kan lè tún wà níbẹ̀ lọ́dún tó bá dáa. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: bí owó oṣù kò bá tó ra ìyẹ̀fun àti ọṣẹ, ọmú màlúù rẹ ló máa pé e. Kò ní í fi ọmú méjì sílẹ̀ fún ọmọ màlúù nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń sunkún. Fi owó kún un, kí ẹ sì jọ sọ pé bí ìyá bá rù, kò sí wàrà. Bí ọdún bá parí, tí iye tó bí ju iye tó kú lọ, fún un ní ẹgbọrọ abo kan, jẹ́ kó máa jẹ lórí ilẹ̀ kan náà. Wàá rí i bí yóò ṣe máa la ojú kan sùn nítorí ẹran náà.

AbẹrẹNìkanKọ́

Mo fara mọ́ Bàbá. Oko tí mo ti rí i pé ọmọ màlúù kì í kú púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tó ń da ẹran níbẹ̀ ní ti ara rẹ̀ nínú agbo ni.

Ọmọ Ìgbòho

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lóko, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

A ri òpó méjì. Mo kó òkúta sápò bí màmá ṣe wí. Àárọ̀ àkọ́kọ́, 39 ló kọjá. Mo ní kí wọ́n dà wọ́n padà, a tún kà á, 39. Mo wá ṣe bí Bàbá Gàá ṣe sọ. Mo jókòó pẹ̀lú bàbá tó ti ń dá ẹran wa láti ọdún mọ́kànlá, mo ní, "Àwọn wo ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kà á fún mi?" Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní ọ̀kan ni funfun tí ìwo òsì rẹ̀ wálẹ̀, ọmọ ẹni tí bàbá rà ní Ìlọrin. Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ bímọ sínú koríko ikin ní àfonífojì. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bi òun mọ́, òun náà kò sọ. Ó mú mi lọ síbẹ̀. Ìyá náà ń jẹun bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó tó ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tí ọmọ wà. A fi ọwọ́ ya koríko, mi ò rí nǹkan, àfi ìgbà tí etí kan gbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi níbẹ̀. Ó ká ara rẹ̀ jọ, kò mira.

Èkejì ni akọ pupa kékeré. Ó pẹ́ kó tó lanu. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló wá mú un fún ìkómọ ní oṣù kẹta, ó sì ní kó má sọ fún mi. Èyí, nílé la ó ti parí rẹ̀.

Mo fi owó kún owó oṣù wọn. Dókítà, mo ṣí ìpéǹpéjú marùn-ún: mẹ́ta pọ́n, méjì funfun bí àkùkọ tí wọ́n bọ̀. Mo ti pe ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday láti gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọgbà ìdídò la máa kọ́kọ́ ṣe. Adé Kìṣí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí igi àgúnmánìyè gé kí òjò tó le?

Adé Kìṣí

Wá gé e lọ́dọ̀ mi. Èyí tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ni kó o gé, kó gùn ju ìgbáròkó rẹ lọ. Mú ọkọ̀ wá.

Ìyá Oníwàǹkàṣì

Ọmọ tuntun inú koríko yẹn, akọ ni àbí abo? Ṣé o ti kọ ọ́ sínú ìwé?